Ṣájà wo ló yẹ bátìrì ilé wa? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹni tó ń lo bátìrì AA àti AAA tó ṣeé ṣájì fún tọ́ọ̀ṣì, máìkì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, fíláàṣì kámẹ́rà, rédíò àti ohun ìṣeré ọmọdé, tó sì ń wá ṣájà tó ju èyí tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé lásán lọ. Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà níbí. Ìwé ìlò tí wọ́n ń dì sínú páálí ṣájà kì í mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba bátìrì jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa.

Ṣájà kan bá bátìrì mi wá nínú páálí. Kí ló burú nínú rẹ̀?

Ẹ ki bátìrì kan ṣoṣo bọ inú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ kò bá tàn àfi ìgbà tí ẹ bá fi èkejì sí i, ṣájà oníméjì-méjì nìyẹn. Ó ń fi ìṣàn iná kan ṣoṣo bọ́ bátìrì méjì, kò sì mọ èwo ló ti kún nínú wọn. Ká ní ọ̀kan ku ìdajì, tí èkejì ti gbẹ pátápátá. Ìdajì yẹn á kún kíá, á sì máa gbóná lásán, nígbà tí èkejì rẹ̀ kò tíì yó. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bu omi iye kan náà sínú kèrègbè ńlá àti kékeré: ọ̀kan á ṣàn dànù, èkejì á ṣì wà ní àbọ̀. Tó bá ṣe oṣù mélòó kan, bátìrì méjì tí wọ́n jọ rà nínú páálí kan náà kò ní lágbára kan náà mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kì í sì í wò bóyá bátìrì ti kún. Aago ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti ka wákàtí 8 tàbí 10 tán, wọ́n á dúró. Àwọn míì kò tilẹ̀ ní aago, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rántí yọ ọ́.

Báwo wá ni ṣájà tó mọ iṣẹ́ ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti kún?

Bátìrì NiMH, èyí tí a mọ̀ sí AA àti AAA tó ṣeé ṣájì, jẹ́ 1.2 V. Bó ṣe ń gba iná, fóòtì rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé nǹkan bí 1.45 sí 1.55 V. Nígbà tó bá kún, iná tó ń wọlé kò ríbi wọ̀ mọ́, ó di ooru. Ooru yẹn ló ń mú kí fóòtì rẹ̀ já wálẹ̀ díẹ̀. Ìjáwálẹ̀ náà kò pọ̀ rárá, bíi mílífóòtì 3 sí 10, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì lọ́nà mẹ́ta sí mẹ́wàá. Òun ni ṣájà ń ṣọ́. Àmì rẹ̀ lára páálí tàbí nínú ìwé ìlò ni –ΔV.

Ṣájà tó dára á tún ní ohun tó ń wọn ooru lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, á sì ní aago gẹ́gẹ́ bí ààbò ìkẹyìn, tí méjì àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹ má ra èyí tó gbára lé ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan sì wà tó ń lo ọ̀nà míì. Powerex MH-C9000, fún àpẹẹrẹ, máa ń dúró nígbà tí bátìrì bá dé 1.47 V, á wá fi ìṣàn kékeré, nǹkan bí 100 mA (mA ni a fi ń wọn ìṣàn iná) fún wákàtí méjì, parí ìyókù. Ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí bátìrì gbóná púpọ̀.

Iná ń lọ, ó ń bọ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí bátìrì tó wà nínú ṣájà?

Ibí ni ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ṣájà àti ṣájà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ṣájà alaago ló léwu jù. Bí iná bá lọ, aago rẹ̀ ń padà sí òdo. Ká ní wákàtí 8 ló ń kà. Iná lọ nígbà tó ti ka wákàtí 5, ó padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Ṣájà á tún bẹ̀rẹ̀ wákàtí 8 mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó nílò wákàtí 8 ti gba 13 nìyẹn. Bí iná bá tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí bátìrì tí wọ́n ní a lè ṣájì nígbà ẹgbẹ̀rún kan fi ń kú láàárín ọdún kan ní ilé tí iná kì í ti í dúró.

Ṣájà tó ń ṣọ́ –ΔV sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí iná bá dé padà, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n á tún rí i pé bátìrì ti kún, á sì dúró. Kì í rí i lójú ẹsẹ̀ o. Fóòtì kì í dúró sójú kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ṣájà ni kì í ka ìjáwálẹ̀ sí ní àkókò yẹn. Bátìrì tó ti kún tẹ́lẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba iná àìnídìí fún bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20 ní gbogbo ìgbà tí iná bá padà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóru kan kò lè pa á. Àmọ́ ní àdúgbò tí iná ti ń ṣe ṣẹ́jú-ṣẹ́jú, tó ń lọ tó ń dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró títí iná á fi fìdí múlẹ̀.

Ohun kẹta ni ìrántí ètò. Ká ní ẹ ti yan pé kí ṣájà fi 500 mA ṣájì, tàbí pé kó dán agbára bátìrì wò. Bí iná bá lọ tó sì dé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa gbàgbé ohun tí ẹ yàn, wọ́n á padà sí èyí tí ilé iṣẹ́ yàn fún wọn. Ti La Crosse BC-700 jẹ́ 200 mA, ti MH-C9000 jẹ́ 1000 mA. 1000 mA kò burú fún AA, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ AAA tí ẹ rọra yan 400 mA fún ló wà nínú rẹ̀, 1000 mA yìí ti pọ̀ jù. Kí ẹ tó ra ṣájà, ẹ wo iye tó ń padà sí nígbà tí wọ́n bá fa wáyà rẹ̀ yọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó lára páálí, kò sí èyí tó tó ìyẹn í mọ̀ fún ará Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ.

Bí iná bá sì lọ tí kò dé mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ yọ bátìrì kúrò. Àwọn ṣájà kan wà tó jẹ́ pé bí iná kò bá sí nínú wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu iná inú bátìrì padà.

Ìwọ̀n ìṣàn iná wo ni kí n yàn?

Fún AA tó jẹ́ 2000 mAh (mAh ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà), 500 sí 1000 mA. Fún AAA tó jẹ́ 750 tàbí 800 mAh, 300 sí 400 mA.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bí ìṣàn bá ṣe kéré tó ni bátìrì ṣe máa pẹ́ tó. Òótọ́ ni pé ooru rẹ̀ á dínkù, ṣùgbọ́n bí ìṣàn bá kéré jù, ìjáwálẹ̀ fóòtì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní hàn. 200 mA lórí AA 2000 mAh jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bátìrì á kún, ṣájà kò ní mọ̀, á máa bá a lọ títí aago ààbò rẹ̀ á fi dá a dúró. Nítorí náà ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin agbára bátìrì, àyàfi bí ṣájà yín kò bá gbára lé –ΔV. Bátìrì tó ti dàgbà tún máa ń fi ìjáwálẹ̀ yẹn pamọ́. Bí ó bá ń gbóná ní 1000 mA, ẹ mú un wá sí 700 tàbí 500, kí ẹ sì máa fọwọ́ kàn án.

Ìṣirò àkókò kò le. Ẹ fi ìṣàn pín agbára bátìrì, kí ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kún un fún iná tó ń di ooru. 2000 mAh ní 500 mA jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Ní 1000 mA, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta péré ni iná ń lò ládùúgbò òun kí wọ́n tó mú un, ti 1000 mA ló yẹ ẹ́.

Èwo nínú àwọn ohun tó wà lára ṣájà olówó gọbọi ni mo nílò lóòótọ́?

Ihò tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ni àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé ẹ lè ki bátìrì kan, méjì, tàbí mẹ́ta bọ̀ ọ́, kí ọ̀kan jẹ́ AA kí èkejì jẹ́ AAA, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró nígbà tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni –ΔV pẹ̀lú ohun tó ń wọn ooru, lẹ́yìn náà yíyan ìṣàn iná, lẹ́yìn náà síkíríìnì tó ń fi mA, V, mAh àti àkókò hàn fún ihò kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò agbára wà lára ohun tó tó owó. Ṣájà á ṣájì bátìrì kún, á tú iná inú rẹ̀ jáde títí tó fi dé 0.9 tàbí 1.0 V, á ka ohun tó jáde, á sì tún un ṣájì. Iye yẹn ni agbára bátìrì gan-an. Ìṣòro rẹ̀ fún wa ni àkókò. Ṣíṣájì AA 2000 mAh ní 1000 mA, títú rẹ̀ ní 500 mA, àti títún un ṣájì máa gba nǹkan bíi wákàtí 8 sí 9. Bí iná bá lọ nígbà tó ku díẹ̀, gbogbo ohun tó ti kà parẹ́. Àdúgbò tó wà ní Band A, tí ìlànà ní kó rí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, lè ṣe é láìsí ìfátà. Àdúgbò yòókù nílò orísun iná mìíràn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Break-In, tó ń ṣájì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá fún wákàtí 16, tó ń sinmi wákàtí kan, tó ń tú iná jáde, tó sì tún ń ṣájì fún wákàtí 16, ń gba ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúlò fún bátìrì tó ti pẹ́ nínú àpótí. Bí ẹ kò bá ní ìfátà, ẹ má tìtorí rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé owó ṣájà.

Refresh, tó ń ṣájì tó ń tú lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó fún NiMH. Àṣà kí bátìrì gbẹ kanlẹ̀ kí a tó ṣájì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bátìrì NiCd ti ayé ọjọ́un. NiMH kò nílò rẹ̀, kódà gbígbẹ kanlẹ̀ ń pa á lára.

Ihò USB láti fi ṣájì fóònù, Bluetooth, iná aláràbarà: ọ̀ṣọ́ ni.

Ṣájà mi kọ 2350 mAh nígbà tó ṣájì bátìrì 2000 tán. Ṣé bátìrì mi ju 2000 lọ ni?

Rárá o. Iye iná tó wọlé nìyẹn, apá kan nínú rẹ̀ ti di ooru. Iye tó jáde nígbà ìdánwò nìkan ni ẹ lè gbà gbọ́.

Mo dé ìsọ̀ ní Òkè-Àjẹ́, wọ́n kó oríṣi mẹ́rin síwájú mi. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó?

Ẹ mú bátìrì méjì dání láti ilé, ọ̀kan tó ti kún, ọ̀kan tó ti gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣájà sí iná.

Ẹ ki èyí tó gbẹ nìkan bọ̀ ọ́, sí ihò kìíní, lẹ́yìn náà ihò kẹta. Bí ó bá gbà á níbi méjèèjì, ihò rẹ̀ dá dúró. Ẹ wá ki èyí tó kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá oníṣòwò dúnàádúrà lọ. Láàárín bíi ìṣẹ́jú 20 ó yẹ kó sọ pé èyí tó kún ti kún, kí èyí tó gbẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Níkẹyìn, ẹ yan ìṣàn kan tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ fa wáyà yọ, kí ẹ tún un kì, kí ẹ wo ohun tó kọ.

Ẹ ka ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá kọ “Charging time: 8h” sí i gàdàgbà láìsí –ΔV níbì kankan, alaago ni. Ẹ wo irin tó ń kan ìdí bátìrì náà. Èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bébà máa tẹ̀ láìpẹ́, bátìrì AAA kò sì ní fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́?

Ẹ wo ẹ̀yìn orí ṣájà. Ibi tí wọ́n kọ INPUT sí gbọ́dọ̀ gba 230V, bíi 100–240V, 50/60Hz. Ti Japan máa ń jẹ́ 100V nìkan nígbà míì, ti Amẹ́ríkà 120V. Iná tiwa jẹ́ 230V, á sì jó o lójú ẹsẹ̀. Bí ṣájà fúnra rẹ̀ bá ń gba 12V láti ẹnu wáyà, kò sí wàhálà, orí tuntun tó ń gbé 12V àti 2A jáde lẹ máa rà. Ẹ rí i dájú pé àárín ẹnu wáyà náà ni pọ́sítífù, bí wọ́n ṣe yà á sára ṣájà.

Ṣé mo lè lo ìfátà, sólà tàbí power bank fún un?

Ohun tó dára jù lẹ lè ṣe nìyẹn, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. AA kan gba 1.2 V ní ìlọ́po 2 Ah, ìyẹn 2.4 Wh. Mẹ́rin kò pé 10 Wh. Bí a bá ka ohun tó ń ṣòfò mọ́ ọn, nǹkan bí 15 Wh ló máa fà. Yúnìtì iná kan péré, ìyẹn 1000 Wh, lè ṣájì mẹ́rin-mẹ́rin nígbà tó ju 60 lọ.

Ṣájà tó ń gba 5V láti okùn USB lè jẹun lára power bank. Èyí tó jẹ́ 10,000 mAh ojúlówó ní 37 Wh nínú, á ṣájì bátìrì mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá ń dé sí power bank tó ń gba iná tó sì ń pín in lẹ́ẹ̀kan náà, ṣájà kò ní mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ rárá, ìdánwò agbára yín á sì parí. Kì í ṣe gbogbo power bank ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìgé iná fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ dán an wò.

Ṣájà tó ń gba 12V lè jẹun tààrà lára bátìrì sólà tàbí ti mọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀ bóyá ó gba tó 14.4V, nítorí ibi tí bátìrì 12V máa ń gòkè dé nìyẹn nígbà tí sólà bá ń bọ́ ọ. Ẹ fi fíúsì 3A sí ojú wáyà. Ẹ má so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà fúnra rẹ̀: pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní 12V lè gbé tó 20V jáde lọ́sàn-án.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, iná rẹ̀ náà ń lọ sókè sódò. Ẹ fi sítábíláísà sáàárín, tàbí kí ẹ dúró de NEPA.

Ilé ìjọsìn wa ń lo máìkì aláìníwáyà. Iye bátìrì mélòó, ṣájà onírú wo?

Máìkì ọwọ́ kan sábà máa ń gba AA méjì. Fún máìkì mẹ́rin, ẹ ra 16: mẹ́jọ nínú máìkì, mẹ́jọ nílé. Ṣájà oníhò mẹ́jọ ló bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan wà tó ń fi 1000 mA bọ́ mẹ́rin, tí wọ́n á já a sí 500 mA bí mẹ́jọ bá kún inú rẹ̀.

Ẹ fi bírò alámì kọ A1, A2, B1, B2 sí ara wọn, kí méjì tó jọ wà máa jọ lọ. Ìdí nìyí. Nínú máìkì, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré á gbẹ ṣáájú, èkejì á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá ní òdìkejì. Ìyẹn ń bà á jẹ́ pátápátá. Nínú fíláàṣì kámẹ́rà, níbi tí mẹ́rin ti tò tẹ̀lé ara wọn, ó tún burú sí i. Ẹ fi ìdánwò agbára wọn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ kó àwọn tí iye wọn sún mọ́ra pọ̀. Èyí tó bá ti já sísàlẹ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fún àwọn ọmọdé fún ohun ìṣeré.

Àmì bátìrì lára máìkì lè má kún tán, kódà bí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ṣájà. Ó ń retí 1.5 V, 1.2 V ló rí. Kò sí ohun tó ṣe é.

Àwọn onífótò tó ń múra fún Òjúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní láti dúró de iná lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Bátìrì tí kì í sọ iná nù, irú èyí tí Sanyo kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní 2005 pẹ̀lú orúkọ Eneloop, ṣì máa ń ní ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ ṣájì wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tò wọ́n sínú àpótí.

Bátìrì tí wọ́n kọ 4800 mAh sí lára ńkọ́?

Irọ́ ni. AA oní-NiMH kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 2800 mAh. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: ojúlówó AA máa ń wúwo tó 26 sí 31 gíráàmù. Èyí tó jẹ́ 15, afẹ́fẹ́ àti páálí ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé ṣájà yìí lè ṣájì bátìrì fáànù àti tọ́ọ̀ṣì Ṣáínà, àwọn tó gùn tó sì sanra yẹn?

18650 lẹ ń sọ. Lithium ni, 3.7 V, ó ń kún ní 4.2 V. Ṣájà tó wà fún NiMH nìkan kò gbọ́dọ̀ rí i. Àwọn bíi LiitoKala Lii-500 àti Opus BT-C3100 mọ méjèèjì, wọ́n á fúnra wọn wo fóòtì láti mọ èyí tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń jáde láti inú iná sólà: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ LiFePO4, oríṣi lithium mìíràn, 3.2 V ni wọ́n kọ sí i, 3.65 V ló sì ń kún. Ìrísí wọn kò yàtọ̀ sí ara wọn. Bí ṣájà bá tì í lọ sí 4.2 V, ó ti ṣe é níbi nìyẹn. Ẹ ka ara rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n kọ bá ti parẹ́, ẹ má ṣájì rẹ̀.

18650 tí àwọn oníṣẹ́ ń tú láti inú bátìrì láptọ́ọ̀pù dára bí fóòtì rẹ̀ bá ju 2.5 lọ tí awọ ara rẹ̀ kò ya. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 2 V, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí, ẹ rántí pé ojúlówó tó dára gan-an kì í sábà ju nǹkan bí 3600 lọ.

Ṣé mo lè ṣájì bátìrì Tiger tàbí Duracell lásán níbẹ̀?

Rárá. Afẹ́fẹ́ á kóra jọ nínú rẹ̀, á ya tàbí kó máa da oró. Sísá bátìrì Tiger sóòrùn kó lè tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ jẹ́ ohun tí a bá nílé. Ẹ má ṣe é sí NiMH. Àwọn AA oní-lithium tó jẹ́ 1.5 V, tó ní ihò USB-C lára, kò bá ṣájà yìí mu pẹ̀lú.

Fún aago ara ògiri àti rìmóòtù, bátìrì lásán ṣì ni ká fi sí i. Iná tí wọ́n ń jẹ kéré débi pé ṣájà kò ní pa owó kankan wọlé fún yín níbẹ̀.

Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́, ṣájà sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ó ti gbẹ kọjá ààlà, bóyá nítorí pé ẹnì kan gbàgbé tọ́ọ̀ṣì ní títàn. Ṣájà tó gbọ́n kì í ka bátìrì tí fóòtì rẹ̀ ti sún mọ́ òdo sí. Ẹ fi òun àti bátìrì mìíràn sínú ṣájà oníméjì-méjì àtijọ́ yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. (Ẹ rí i, ó ṣì níṣẹ́ tó ń ṣe.) Bí ó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kú.

Kí ẹ tó pinnu bẹ́ẹ̀, ẹ nu orí àti ìdí bátìrì pẹ̀lú írésà, kí ẹ fi òwú àti sípírítì nu irin inú ihò. Ìpẹtà tí a kò fi ojú rí lè jẹ́ kí ṣájà rò pé bátìrì ti bàjẹ́. Bí oró funfun bá ti jáde láti ara bátìrì lásán sínú tọ́ọ̀ṣì tàbí máìkì, ẹ fi ẹ̀kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan nu ún, kí ẹ wá fi sípírítì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ó ń gbóná. Ìwọ̀n wo ló ti pọ̀ jù?

Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tó bá ń kún dára. Bí ẹ kò bá lè dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láì jù ú sílẹ̀, ẹ yọ wáyà. Ṣájà kò rí i pé ó ti kún nìyẹn, tàbí kẹ̀ ìṣàn ti pọ̀ jù fún un. Ìwọ̀n ooru tó yẹ kí a ti máa ṣájì NiMH kò ju 45°C lọ. Yàrá tí páànù gbóná lórí rẹ̀ lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti sún mọ́ ọn kí ṣájà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbé e lé táìlì tàbí tábìlì, kì í ṣe orí ibùsùn, kì í sì í ṣe ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Alẹ́ ló dára jù. Èyí tó ní fáànù kékeré nínú, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Bátìrì 9V àti ti rédíò ńlá ńkọ́?

9V nílò ihò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣájà alágbára kò sì ní in. Ẹ ra kékeré kan lọ́tọ̀. Ti rédíò ńlá, ìyẹn D, ojúlówó rẹ̀ máa ń tó 8000 mAh sókè. Èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n kọ 2500 sí, AA ni wọ́n wé sínú agolo. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú ra agolo òfìfo tó ń sọ AA di D, kí ẹ máa lo AA yín nínú rẹ̀.

Mo ń lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kí n fi bátìrì sílẹ̀ nínú ṣájà?

Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ sì fa ṣájà kúrò lára ògiri. Iná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kọjá 230V fún ìgbà díẹ̀, orí ṣájà ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Fún NiMH, inú àpótí oníke, níbi tí kò gbóná, ti tó. 18650, ẹ má ṣájì rẹ̀ kún. Nǹkan bí 3.7 V ni kó wà, kí orí rẹ̀ má sì kan kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́.